Bẹ́líìtì Rédà Tó Ń Já Léraléra

Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, mo lè pààrọ̀ rẹ̀ kí n sì gba owó iṣẹ́ mi. Bó bá tún bàjẹ́ níbẹ̀ gan-an, mi ò ní fọwọ́ kan òmíràn títí màá fi mọ ohun tó ń pa á. Ìdí iṣẹ́ rédà ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lójú omi, ni ìwà yìí ti mọ́ mi lára jù lọ, bẹ́ẹ̀ Àkúrẹ́ tí kò bá òkun pààlà rárá ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹnu máa ń ya àwọn èèyàn bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí òpópónà Ọba Adésídà, ínfátà, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn ilé ìjọsìn ló sì ń bọ́ mi. Àmọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òkun tirẹ̀. Ẹni tó bá gba ìlú Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀, tó gba Òkìtìpupa kọjá, yóò dé Igbókòdá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé wọn. Àpápá ni mo ti kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kí n tó padà sílé, nítorí náà bí rédà bá kọṣẹ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á tú u, wọ́n á gbé e gòkè wá bá mi.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ti ọkọ̀ onígbòkun kan ni. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà, ó gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, ó sì ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀ tí kò fẹ́. Ọ̀gá awakọ̀ òkun tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá náà, Kápíténì ni gbogbo wa ń pè é. Kò fi rédà ṣe ọ̀ṣọ́. Lóru, àwọn apẹja máa ń wà lójú omi nínú ọkọ̀ onígi láìtan iná, nígbà ọyẹ́ sì rèé, eruku á bo etíkun tí ojú kò fi ní í ríran jìnnà. Igi kì í dá ìgbì rédà padà bí irin ṣe ń dá a padà, nítorí náà rédà tí kò bá yípo geere lè fo ọkọ̀ apẹja dá pátápátá. Kápíténì tilẹ̀ máa ń rán mi létí pé òfin àgbáyé ti 1972 lórí dídènà ìkọlù lójú òkun sọ ọ́ kedere: bí ọkọ̀ bá ní rédà tó ń ṣiṣẹ́, dandan ni kí awakọ̀ lò ó bó ṣe yẹ. Á ní kò sí pé òun gbé e kọ́ lásán.

Ike funfun róbótó tó wà lára òpó ọkọ̀ ni iṣẹ́ wà. Lórí irú ọkọ̀ yìí, fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ńtímítà 45 tàbí 60. Nínú rẹ̀, áńténà pẹrẹsẹ kan ń yí po ní nǹkan bí ìgbà 24 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mọ́tò kékeré ló ń yí i, bẹ́líìtì eléyín ló sì so mọ́tò náà mọ́ ọ̀pá tí áńténà jókòó lé. Mágínẹ́tírọ́ọ̀nì ló ń ju ìgbì jáde, ní nǹkan bíi gígáháàsì 9.4. Irú mágínẹ́tírọ́ọ̀nì alágbára tí Randall àti Boot, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, gbé jáde ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1940 ló jẹ́ kí rédà lè kéré tó báyìí, àwọn rédà àtijọ́ bíi ti Kápíténì ṣì ń lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tuntun ti ń fi tíránsísítọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìgbì náà á lọ kọlu nǹkan, á sì padà. Bí ohun tó kọlù bá wà ní máìlì òkun kan sí wa, àlọ àti àbọ̀ kò ju nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ǹdì 12 lọ.

Apá iná yìí ló máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, òun náà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fura sí. Lójú tèmi, apá tó ń yí ni kí á kọ́kọ́ wò. Ohun tó ń yí ló ń gbó.

Bẹ́líìtì Kápíténì ń já. Wọ́n á fi tuntun sí i, á ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á tún já, ojú rédà á wá kọ ọ́ pé òun kò rí àmì ìyípo, kò sì ní í ju ìgbì jáde mọ́. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà lára áńténà tó gbọ́dọ̀ kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo ìyípo. Bí kò bá kọjá, rédà ti mọ̀ pé áńténà dúró. Ẹnì kan ti bá a pààrọ̀ mọ́tò náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, owó ńlá sì ni mọ́tò. Bẹ́líìtì tún já.

Ó wé rédà náà sínú bẹ́ẹ̀dì ó gbé e wá nínú búùtù.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ kú ọ̀nà."

"Káàsán o, Ẹnjiníà. Bẹ́líìtì ni kí o bá mi wá. Èyí tó nípọn, tó le. Òun nìkan ni mo fẹ́."

"Bàbá, tótó ó ṣe bí òwe o, a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá."

"Wàá rí òmíràn pa. Kí ni ètè ibẹ̀?"

"N ò tíì mọ̀. Ṣé ẹ ṣì ní àwọn bẹ́líìtì tó já?"

Ó rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ òkun kì í ju nǹkan nù: gbogbo wọn wà nínú agolo mílíìkì kan, ó sì ti kọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan já sára bébà tó fi wé e. Agolo yẹn ràn mí lọ́wọ́ ju ìwé tí wọ́n tẹ̀ pẹ̀lú rédà náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni kì í wo ohun tó bàjẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ sí ààtàn. Bẹ́líìtì tó já máa ń sọ bí òun ṣe já. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yíká, ọjọ́ orí àti ooru ni. Bí ojú eyín rẹ̀ bá ń dán, tó yọ̀ gbọ̀rọ́, ó ti dẹ̀ jù, ó ń yọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré tó gbé e. Bí eyín bá wó lójú kan ṣoṣo tí ìyókù sì dára, nǹkan ló dá áńténà dúró lójijì nígbà tí mọ́tò ṣì ń fà. Gbogbo bẹ́líìtì inú agolo Kápíténì pátá, etí ìsàlẹ̀ nìkan ló ti hu, òwú inú rẹ̀ ti yọ síta. Etí òkè mọ́ tónítóní. Èyí túmọ̀ sí pé bẹ́líìtì náà ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi etí ha ògiri kẹ̀kẹ́ tó gbé e, kò sì sí bẹ́líìtì kankan láyé tó nípọn tó láti fara da ìyẹn. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ti mọ́tò àti ti áńténà, kò sí lójú ìlà kan náà. Èwo ló tẹ̀ nínú wọn?

Kí n tó ṣí i, ọ̀rọ̀ ààbò. Iná kílófóòtì mélòó kan, ìyẹn ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, ló ń lọ sínú mágínẹ́tírọ́ọ̀nì, kàpásítọ̀ sì lè mú díẹ̀ nínú rẹ̀ dání lẹ́yìn tí wọ́n ti paná. Mi ò gba kí wọ́n kàn tẹ bọ́tìnì lójú rédà. Fíúùsì gan-an ni mo máa ń yọ, inú àpò mi ló sì máa ń wà, kí ẹnikẹ́ni má baà tan nǹkan nísàlẹ̀ nígbà tí orí mi wà nínú rẹ̀ lókè. Mágínẹ́ẹ̀tì inú mágínẹ́tírọ́ọ̀nì náà lágbára. Ìtúdè onírin tó bá bọ́ sí i lára lè fọ́ nǹkan. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbójú sí iwájú áńténà tó ń ju ìgbì, ọjọ́ náà ló máa kẹ́rù lọ sílé.

Lórí tábìlì, mo fún un ní iná fóòtì 12, mo jẹ́ kí ó yípo láìju ìgbì. Ó ń yí dáadáa. Mo jẹ́ kí ó yí títí di ìrọ̀lẹ́, kò já, kò dúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń dé tí wọ́n á ní ó ti ṣe, kí oníbàárà máa gbé e lọ. Àmọ́ etí mi gbọ́ nǹkan. Ìró kan ń dìde díẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó tún ń dìde. Mo fi aago wò ó: ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ ló wà láàárín ìkíní àti ìkejì. Ohun tó bá ń yí ní ìgbà 24 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ ni ìyípo rẹ̀ kan. Áńténà nìyẹn. Bó bá jẹ́ mọ́tò ló ní àìsàn, ìró náà ì bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí mọ́tò ń sáré ju áńténà lọ. Aago lásán ló dá mọ́tò láre. Owó tí wọ́n ná lé mọ́tò tuntun ti wọlẹ̀ lásán.

Ohun tó kù ni láti mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì mi tí kì í ṣiṣẹ́ lójú òkun. Mo bi ara mi pé kí ló wà lọ́hùn-ún tí kò sí ní Àkúrẹ́. Iyọ̀ wà, ìgbọ̀nrìrì wà, wáyà gígùn wà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ju gbogbo wọn lọ: ọkọ̀ onígbòkun kì í dúró ṣánṣán. Bí afẹ́fẹ́ bá ti mú ìgbòkun, ọkọ̀ á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ní dígírì 15, ní 20, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rédà tó wà lára òpó á dà pẹ̀lú rẹ̀. (Èyí tilẹ̀ ń ba ìríran rédà jẹ́. Ìgbì tó ń jù jáde sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 25 láti òkè dé ilẹ̀, nítorí náà bí ọkọ̀ bá dà ní 20, ẹ̀gbẹ́ kan ń wo ojú ọ̀run, èkejì ń wo omi ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn kan máa ń ra ìdúró tó ń mì kí rédà lè máa dúró ṣánṣán. Kápíténì ní owó ìyẹn kò sí.)

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi wá pákó, a fi gbé ẹ̀gbẹ́ kan rédà náà sókè títí ó fi dà tó dígírì 20. Kí ó tó dà, mítà tó ń wọn iná tí rédà ń fà ń ka nǹkan bí ámpù 0.3. Bó ṣe dà tán, ó gòkè sí 0.7, ó sì ń jó lọ jó bọ̀ pẹ̀lú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí etí ìsàlẹ̀ lójú wa báyìí. Ọmọ iṣẹ́ mi pariwo.

Mo yọ bẹ́líìtì kúrò, mo fi ọwọ́ yí áńténà. Lórí ìdúró gbọọrọ, ó ń yí. Bí mo ṣe fi ìka tẹ etí rẹ̀ kan sílẹ̀, mo gbọ́ hàrà-hàrà lábẹ́ ìka mi, ọ̀pá náà sì mì sí ẹ̀gbẹ́. Bíárìn tó di ọ̀pá áńténà mú ti jẹ. Nígbà tí a yọ ọ́, gírísì inú rẹ̀ ti di nǹkan pupa líle, ìpẹtà ti jẹ àwọn bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dà, ọ̀pá á tẹ̀ díẹ̀, kẹ̀kẹ́ á kúrò lójú ìlà, bẹ́líìtì á máa fi etí ha irin.

Ẹlòmíràn á dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló jẹ bíárìn? Wọ́n ṣe bíárìn yẹn kí ó pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ike tó dé pa ló sì wà. Mo yí ìsàlẹ̀ ike náà wò. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ṣe é dá sí i kí omi lè máa gbà á jáde, ẹnì kan sì ti fi síríkónì dí i dáadáa. Èrò rere ló ní, kò fẹ́ kí omi wọlé. Àmọ́ kò sí ike tó dé pa tán pátápátá. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbòòrò, díẹ̀ á gba ojú ibi tí wáyà wọlé jáde. Lóru, ó tutù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sún kì, ó fa afẹ́fẹ́ òkun tó rin, tó ní iyọ̀ wọlé. Omi inú afẹ́fẹ́ yẹn á wá hù sábẹ́ ìdérí bí omi ṣe ń hù sábẹ́ ọmọrí ìkòkò, á kán sílẹ̀, kò sì ní ibi tí yóò gbà jáde mọ́. Lójoojúmọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láìsí òjò kankan. Ibi tó ga jù lọ nínú ìsàlẹ̀ ike náà ni bíárìn wà, síbẹ̀ ọ̀rinrin ò jẹ́ kó gbádùn.

Ni mo bá fi abẹ yọ síríkónì náà, mo sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la ihò títí ó fi mọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun ló rọrùn jù, òun náà ni kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ríra nǹkan ló kù. Nọ́mbà 6002 ló wà lára bíárìn náà: ihò inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15, fífẹ̀ rẹ̀ 32, nínípọn rẹ̀ 9. Ìyẹn kò ṣòroó rí, àwọn tó ń ta bíárìn ọ̀kadà àti ti ẹ̀rọ ìlọta ní in. Ẹni tó tà á fún mi kọ́kọ́ mú èyí tó ní ìdérí irin wá, tí wọ́n kọ ZZ sí lára.

"Ọ̀gá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Nọ́mbà rẹ̀ nìyí."

"Nọ́mbà wọn dọ́gba lóòótọ́, ìdérí wọn ni kò dọ́gba. 2RS ni mo fẹ́, olóróbà."

"Olóróbà wọ́n ju èyí lọ o."

"Ẹ mú un wá."

Ìdérí irin kì í kan òrùka inú bíárìn, ọ̀rinrin lè gba ojú àlàfo rẹ̀ wọlé. Róbà máa ń kàn án. Òótọ́ ni pé ó ń fa ìyípo sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò lè gbé ìyẹn. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà; èyí tí ìkọ̀wé ara rẹ̀ bá lè fi èékánná há, mi ò ní í rà á.

Ti bẹ́líìtì ni ó gba làákàyè. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ fọ́tokọ́pì ṣe lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà yunifásítì FUTA ni mo ti rí i, nítorí irú bẹ́líìtì eléyín kékeré yẹn ló wà nínú ẹ̀rọ wọn. Àmọ́ kí á tó ra á, a ní láti wọ̀n ọ́n láti eyín kan sí èkejì. Ti rédà yìí jẹ́ mìlímítà 2.032. Mìlímítà 2 géérégé wà lọ́jà káàkiri, ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, èèyàn á sì rò pé ó bá a mu. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí a bá ka eyín 50, ìyàtọ̀ ti di mìlímítà 1.6, ó kù díẹ̀ kó tó eyín kan odindi. Bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ á máa gun orí eyín kẹ̀kẹ́. Èmi kì í wọn eyín ẹyọ kan; mo máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo máa ń wọn gígùn eyín púpọ̀ pa pọ̀, kí n tó pín in. Èyí tó nípọn tó le tí bàbá fẹ́ náà wà níbẹ̀, mi ò rà á. Bẹ́líìtì tó bá le jù, tó sì fún jù, bíárìn mọ́tò ló máa jẹ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a tò ó padà, a tún fi pákó gbé e dà, a gbé e sínú oòrùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ámpù 0.3 lórí ìdúró gbọọrọ, 0.35 bó bá dà. Ìró tó ń dìde tó ń lọ sílẹ̀ ti dákẹ́.

Mo bá wọn lọ sí Igbókòdá láti fi í sípò, nítorí n kò fẹ́ràn kí iṣẹ́ mi parí sórí tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gun òpó pẹ̀lú okùn ààbò. Èmi dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú mítà. Bátìrì ní fóòtì 12.6. Ní ẹnu wáyà tó dé ọ̀dọ̀ rédà lókè, nígbà tí rédà ń ṣiṣẹ́, 10.9 ló kù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fà á, tí nínípọn bàbà rẹ̀ kò ju mìlímítà onígun 1 lọ, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 20 láti bátìrì dé òkè. Àlọ àti àbọ̀, mítà 40, ìdènà tó ń ṣe fún iná tó nǹkan bíi óòmù 0.7, bí ámpù 2.5 bá gbà á kọjá, fóòtì 1.7 ti sọnù sójú ọ̀nà.

Inú Kápíténì dùn. "Áà! Wáyà yìí ló ń já bẹ́líìtì mi!"

"Rárá, bàbá. Wáyà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí rédà yín máa pa ara rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá rẹ̀ díẹ̀, tí ẹ ti sọ fún mi. Ti bẹ́líìtì, síríkónì ló jẹ̀bi."

Ó wò mí bíi pé mò ń tàn án jẹ. Ó wu èèyàn kí ẹ̀bi kan ṣoṣo wà fún gbogbo àìsàn ẹ̀rọ, èyí ló sì máa ń jẹ́ kí wọ́n dúró nídìí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí. A fi wáyà mìlímítà onígun 2.5 rọ́pò rẹ̀, fóòtì tó ń dé òkè wá di 11.9.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé rédà ọkọ̀ apẹja ńlá kan wá láti apá ibẹ̀ kan náà. Bẹ́líìtì já, ẹni tó gbé e wá sì ti gbọ́ ìtàn Kápíténì, kíá ló ní bíárìn ni, ihò omi ni. Mo ní kó mú bẹ́líìtì rẹ̀ wá. Etí méjèèjì dára; ojú kan ṣoṣo ni eyín ti wó. Bíárìn rẹ̀ le koko, ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Okùn ike tó di wáyà mú nínú rẹ̀ ló ti gbó tó já, wáyà náà tẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá fì, ó sì ń kọ́ áńténà lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbà ju okùn ike tuntun àti bẹ́líìtì lọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ dé rédà pa, mo máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ inú ìdérí rẹ̀, níbi tí áńténà kò ti ní í kàn án. Mo máa ń kọ ọjọ́ sí i, nọ́mbà bíárìn, ìwọ̀n láti eyín sí eyín, iye eyín bẹ́líìtì, ámpù lórí ìdúró gbọọrọ àti ámpù nígbà tó dà. Lókè gbogbo rẹ̀, mo fi lẹ́tà gàgàrà kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí ihò ìsàlẹ̀. Ẹni tó máa ṣí i lẹ́yìn mi lè má jẹ́ èmi, kò sì yẹ kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ti Kápíténì, èmi náà ni mo tún ṣí i lẹ́yìn òjò. Inú rẹ̀ gbẹ, ámpù bó ṣe dà kò tíì kúrò ní 0.35, mo sì kọ ìyẹn náà sábẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.